“Kò Sí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì”: Bí A Ṣe Lè Wádìí Kọ̀ǹpútà Alágbèéká Tí Kò Rí Wi-Fi Ilé

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí a bá fi ojú òwe yìí wo ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe sí kọ̀ǹpútà alágbèéká wa, a ó rí i pé orí ni a ń bẹ́ nígbà púpọ̀. Ẹnì kan jí láàárọ̀, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò rí Wi-Fi ilé tí ó lò títí di òru àná. Ó pariwo pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwọn ará ilé ní kí ó gbé e lọ fún oníṣẹ́. Oníṣẹ́ tẹ bọ́tìnnì díẹ̀, ó ní Windows ti bàjẹ́, àfi kí àwọn fọ́máàtì rẹ̀. Ẹni tí ó ni ín gbà, nítorí pé kò mọ ohun tí ó lè fi jiyàn. Nígbà tí yóò fi gba kọ̀ǹpútà padà, Wi-Fi ti dé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ti lọ.

Fún ẹni tí ó ń kọ́ ìmọ̀ Yorùbá, àdánù yìí ju ti ìwé lọ. Inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kó ohùn àwọn àgbà tí a lọ gbà sílẹ̀ nígbà ìwádìí pamọ́ sí: ìjálá, rárà, ẹkún ìyàwó, oríkì orílẹ̀. A lè tún orí ìwé kan kọ. Ẹni tí ó sun rárà fún wa lésìí lè má sí láyé mọ́ lọ́dún yìí. Bí ó bá wá jẹ́ pé bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni ọwọ́ ṣèèṣì kàn tí Wi-Fi fi lọ, a jẹ́ pé ohun iyebíye ni a fi san gbèsè tí kò tó kọ́bọ̀.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti fi hàn pé a lè mọ ibi tí àìsàn wà kí a tó máa wá oògùn kiri. Kò di ìgbà tí a bá kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Kí a mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi kọ̀ǹpútà, kí a sì máa bi í lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti tó. Kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́.

1. Gbólóhùn Kan, Àìsàn Mẹ́rin

Nínú ẹ̀kọ́ nípa ìtumọ̀, gbólóhùn tí ó ní ju ìtumọ̀ kan lọ ni a ń pè ní gbólóhùn pọ́nna. “Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì” jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn. Ó kéré tán, ó lè túmọ̀ sí ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí:

(i) Kọ̀ǹpútà kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Ibi tí ó yẹ kí orúkọ wọn tò sí ṣófo, tàbí kí àmì Wi-Fi gan-an ti pòórá.

(ii) Kọ̀ǹpútà rí ti àwọn aládùúgbò, ṣùgbọ́n kò rí ti ilé wa.

(iii) Kọ̀ǹpútà rí ti ilé wa, ṣùgbọ́n kò lè wọlé.

(iv) Kọ̀ǹpútà ti wọlé, àmì Wi-Fi sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ojú-ewé kan tí ó ṣí.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: rí, wọlé, jáde. Ibi tí iṣẹ́ bá ti dúró ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Bí ó bá jẹ́ pé rírí ni kò ṣeé ṣe rárá, inú kọ̀ǹpútà ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí ó bá rí ti ẹlòmíràn tí kò rí tiwa, àárín kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tí ó ń fọ́n Wi-Fi ká ni kí a wò. Bí wíwọlé bá di ìṣòro, ẹnu ọ̀nà ni a wà. Ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù àti àdéhùn ni. Bí ó bá wọlé tí kò lè jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ rírí Wi-Fi pátápátá. Ẹni tí ó bá fọ́máàtì kọ̀ǹpútà nígbà tí ó jẹ́ pé dátà ni ó tán, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó wó ògiri ilé rẹ̀ nítorí pé omi kò yọ nínú ẹ̀rọ.

Nítorí náà, kí a tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, kí a kọ́kọ́ mọ èyí tí ó jẹ́ tiwa nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

2. Akéde àti Agogo Rẹ̀

Kí a tó lè mọ ìdí tí kọ̀ǹpútà kò fi rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó yẹ kí a mọ bí ó ṣe ń rí i. Ìgbì rédíò ni Wi-Fi fi ń gbé ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ rédíò ti ń ṣe, ṣùgbọ́n agbára tirẹ̀ kéré, kì í sì í lọ jìnnà. Ọdún 1997 ni àjọ IEEE kọ́kọ́ gbé ìlànà tí wọ́n pè ní 802.11 jáde. Orí ìlànà yìí àti àwọn àtúnṣe tí ó tẹ̀ lé e ni Wi-Fi dúró lé. Ẹ̀rọ tí ó ń fọ́n ìgbì náà ká inú ilé ni ráútà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ráútà ni a ó máa pe gbogbo wọn, ìbáà jẹ́ èyí tí a gbé sórí tábìlì, ìbáà jẹ́ MiFi tí a lè kì bọ àpò, ìbáà sì jẹ́ fóònù tí a tan hotspot rẹ̀.

A lè fi ráútà wé akéde tí ó ń lu agogo. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ráútà kì í rìn, kì í sì í sinmi: bí ìgbà mẹ́wàá ni ó ń kéde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ohun tí ó ń kéde ni orúkọ rẹ̀ àti ìlànà tí ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Kọ̀ǹpútà náà ní káàdì Wi-Fi nínú, èyí tí ó dúró fún etí rẹ̀. Káàdì yìí a máa lọ láti ṣánẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì, a dúró díẹ̀, a gbọ́ ẹni tí ó ń kéde níbẹ̀, a sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ tí ó bá kọ sílẹ̀ ni a ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bí ó ti rí gan-an, “rírí” tí à ń wí yìí, gbígbọ́ ni.

Ọ̀wọ́ ìgbì méjì ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ilé. Èkíní ni ọ̀wọ́ 2.4 GHz, èkejì ni ọ̀wọ́ 5 GHz. Ti 2.4 GHz a máa la ògiri kọjá dáadáa, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lórí rẹ̀. Ti 5 GHz yára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù méjì tàbí mẹ́ta lè dá a dúró. Gbogbo káàdì kọ́ ni ó lè gbọ́ méjèèjì. Ìlànà 802.11b ti ọdún 1999 àti 802.11g ti ọdún 2003 kò mọ ju 2.4 GHz lọ. Ìlànà 802.11n ti ọdún 2009 lè ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ káàdì olówó pọ́ọ́kú tí a fi ìlànà yìí ṣe ni wọn kò fún ní ti 5 GHz. Orí 5 GHz ni 802.11ac ti ọdún 2013 wà.

Láti inú àlàyé yìí, a rí i pé ohun mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ pé kí orúkọ ráútà tó hàn: etí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ là, ráútà gbọ́dọ̀ máa kéde orúkọ rẹ̀, orí ṣánẹ́ẹ̀lì tí káàdì lè gbọ́ ni ó gbọ́dọ̀ ti máa kéde, kọ̀ǹpútà kò sì gbọdọ̀ jìnnà jù. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tí ó bá yẹ̀, orúkọ kò ní í hàn.

3. Ìyàtọ̀ Kan Ṣoṣo

Ọ̀nà wo ni a ó wá gbà mọ èyí tí ó yẹ̀? Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè ti ní ọ̀nà náà lọ́wọ́ láti kíláàsì fonọ́lọ́jì. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìró /b/ àti /d/ jẹ́ fóníìmù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú èdè Yorùbá, a ó wá ọ̀rọ̀ méjì bíi bá àti dá. Fáwẹ́lì wọn kan náà, ohùn wọn kan náà. Kọ́ńsónáǹtì nìkan ni ó yàtọ̀. Nítorí náà, bí ìtumọ̀ bá yàtọ̀, a mọ ohun tí ó fà á. Ṣùgbọ́n bí a bá fi bá wé dìde, kò sí ohun tí a lè rí dì mú, nítorí pé ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó tún ráútà tàn, tí ó yí pásíwọ́ọ̀dù padà, tí ó sì tún káàdì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní í mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ìṣòro náà bá sì padà wá, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yọ ohun kan ni kí a máa yí padà, kí a wo ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kí a tó kan òmíràn.

Ìdánwò méjì ni ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ìdánwò yòókù:

(a) Ráútà kan náà, ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ wò ó bóyá fóònù rí Wi-Fi ilé. Bí fóònù náà kò bá rí i, ọ̀rọ̀ kò kan kọ̀ǹpútà. Ẹ lọ wo ráútà. Ó lè jẹ́ pé iná lọ ni, tàbí pé bátìrì MiFi ti kú.

(b) Kọ̀ǹpútà kan náà, ráútà mìíràn. Ẹ tan hotspot fóònù, kí ẹ wò ó bóyá kọ̀ǹpútà rí i. Bí kọ̀ǹpútà bá rí hotspot tí kò rí ti ilé, etí rẹ̀ là, káàdì rẹ̀ kò kú, Windows rẹ̀ kò sì bàjẹ́. Ẹni tí ó bá ní kí a fọ́máàtì rẹ̀ lẹ́yìn èyí kò wo àìsàn náà dé ìdí.

4. Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Kò Rí Ohunkóhun

Bí ó bá jẹ́ àìsàn kìíní, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó rọrùn jù.

Èkíní, bọ́tìnnì. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ó ní bọ́tìnnì tí ó ń pa Wi-Fi lẹ́nu mọ́, nítorí àwọn tí ó bá wà nínú ọkọ̀ òfúrufú. Àwòrán ọkọ̀ òfúrufú tàbí ti ọ̀pá tí ìgbì ń ti orí rẹ̀ jáde ni ó máa ń wà lára rẹ̀, láàárín àwọn bọ́tìnnì F tí ó tò sókè. Lórí ọ̀pọ̀ HP, bọ́tìnnì yìí ní iná kékeré: bí ó bá pọ́n bí ọsàn, etí ti di. Àwọn ThinkPad àtijọ́ kan ní ohun tí a ń tì síwá sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí a bá ń ti kọ̀ǹpútà bọ inú báàgì, ó lè yí padà láìjẹ́ pé a mọ̀. Ẹ tún wo ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ bóyá Airplane mode wà ní títàn.

Èkejì, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Ibí yìí gba àkíyèsí. Láti ìgbà Windows 8 ni Windows ti ní ètò kan tí ó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tètè dìde: bí a bá tẹ Shut down, apá kan nínú ohun tí ó wà lórí rẹ̀ ni ó ń fi pamọ́, tí ó sì ń gbé padà bí a bá tún un tàn. Bí àṣìṣe bá wà nínú ohun tí ó fi pamọ́, àṣìṣe náà yóò bá a jí. Restart ni kí a tẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣí Device Manager, kí ẹ sì wo abẹ́ Network adapters. Bí orúkọ káàdì Wi-Fi bá wà níbẹ̀ tí ọfà kékeré tí ó kọjú sísàlẹ̀ sì wà lára rẹ̀, ẹnì kan tàbí ohun kan ti pa á. Ẹ yàn Enable. Bí àmì pupa rúsúrúsú bá wà níbẹ̀, tàbí tí orúkọ náà kò sí rárá, ó lè jẹ́ pé driver rẹ̀ ni kò sí. Driver ni ètò tí ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín Windows àti káàdì. Bí ògbifọ̀ kò bá sí, ẹni méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn kò lè ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìṣòro yìí wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ́máàtì kọ̀ǹpútà, èyí tí ó fi hàn pé fífọ́máàtì fúnra rẹ̀ a máa dá irú àìsàn yìí sílẹ̀.

Báwo wá ni a ó ṣe rí driver gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí kò sí Wi-Fi? Wáyà tí a fi ń gba iná sí fóònù ni ojútùú. Ẹ fi í so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tan USB tethering nínú ètò fóònù Android. Kọ̀ǹpútà yóò gba íntánẹ́ẹ̀tì láti inú wáyà náà, a ó sì lè wá driver lọ sí ojú-ewé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó wà ní abẹ́ rẹ̀.

5. Nígbà Tí Ó Rí Ti Aládùúgbò Tí Kò Rí Tiwa

Àìsàn yìí ni ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú jù, nítorí pé fóònù rí Wi-Fi ilé kedere, kọ̀ǹpútà sì ń rí ti ẹlòmíràn. Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń fà á.

Ohun àkọ́kọ́ ni ọ̀wọ́ ìgbì. Bí ráútà bá ń kéde lórí 5 GHz nìkan, kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀ ju 2.4 GHz lọ kò ní í gbọ́. Kí a má baà máa méfò, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ sì tẹ netsh wlan show drivers. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Radio types supported, bí ó bá jẹ́ 802.11b, 802.11g àti 802.11n nìkan ni ẹ rí, ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà náà má lè gbọ́ 5 GHz. Bí 802.11a tàbí 802.11ac bá wà níbẹ̀, ó lè gbọ́ ọ. Ojútùú rẹ̀ ni kí a lọ sínú ètò ráútà, kí a tan 2.4 GHz. Lórí hotspot Android, a ó wá ibi tí wọ́n ti kọ 2.4 GHz, a ó sì yàn án. Lórí iPhone 12 àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e, Maximize Compatibility ni a ó tàn.

Ohun kejì kan àwa tí ń ra tòkunbọ̀. Nínú ọ̀wọ́ 2.4 GHz, ṣánẹ́ẹ̀lì 1 sí 11 ni ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń lò. Ní Yúróòpù àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn, wọ́n ń lò ó dé 13. Bí kọ̀ǹpútà tí ó ti Amẹ́ríkà wá kò bá mọ̀ ju 11 lọ, tí ráútà sì bọ́ sórí 12 tàbí 13, kọ̀ǹpútà kò ní í gbọ́ ohunkóhun láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ráútà ni a sì ti ṣètò pé kí wọ́n máa yan ṣánẹ́ẹ̀lì fúnra wọn ní ìgbà tí wọ́n bá dìde. Nípa bẹ́ẹ̀, iná lè lọ lóru, kí ó dé lówùúrọ̀, kí ráútà yan ṣánẹ́ẹ̀lì tuntun, kí Wi-Fi tí a lò lánàá má sì hàn lónìí. Kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà, kò sì sí ohun tí ó ṣe é. Ẹ lọ sínú ètò ráútà, kí ẹ sì yan ṣánẹ́ẹ̀lì 1, 6 tàbí 11 dípò Auto. Mẹ́ta yìí ni a máa ń yàn, nítorí pé wọ́n jìnnà síra tó láti má ṣe dí ara wọn lọ́wọ́.

Ohun kẹta ni orúkọ. Ẹni tí ó ni ráútà lè ti sọ fún un pé kí ó má ṣe kéde orúkọ rẹ̀. Àwọn tí ó ti wọ ibẹ̀ rí yóò ṣì máa wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò kò ní í rí orúkọ. Irú èyí, àfi kí a fi ọwọ́ kọ orúkọ náà sí kọ̀ǹpútà gẹ́lẹ́ bí ó ti rí, lẹ́tà ńlá àti kékeré.

Àkíyèsí: Àwa tí a fẹ́ràn èdè wa lè fẹ́ fi àmì sí orúkọ Wi-Fi wa. Kò burú, ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé báìtì 32 ni àyè tí ó wà fún orúkọ. Lẹ́tà o gba báìtì 1. Ọ gba báìtì 3. Ọ́ gba 5. Àwọn ẹ̀rọ kan kò sì lè ka àmì wọ̀nyí, wọn yóò gbé orúkọ náà jáde ní rúdurùdu, ẹni tí ó ń wá a yóò sì rò pé kò sí níbẹ̀.

6. Nígbà Tí Ó Rí I Tí Kò Lè Wọlé

Níhìn-ín, etí là, akéde ń kéde. Ẹnu ọ̀nà ni wàhálà wà. Bí wọ́n bá ti yí pásíwọ́ọ̀dù ráútà padà, ti àtijọ́ ni kọ̀ǹpútà yóò máa gbé lọ. Ẹ yàn Forget lórí orúkọ Wi-Fi náà, kí ẹ sì tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tiwa ju àwọn ẹ̀ka yòókù lọ. Nítorí kí a lè kọ ẹ, ọ àti ṣ, ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi kíbọọ̀dù Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà. Lórí àwọn kan nínú irú kíbọọ̀dù bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì tí ó yẹ kí ó mú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí a kì í lò nínú èdè wa jáde, lẹ́tà mìíràn ni ó ń mú jáde. Bí pásíwọ́ọ̀dù bá wá ní q tàbí x nínú, a ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní í bá a mu. Ẹ tẹ àmì ojú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pásíwọ́ọ̀dù kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ń kọ, kí ẹ sì dá kíbọọ̀dù padà sí Gẹ̀ẹ́sì títí ẹ ó fi wọlé.

Bí pásíwọ́ọ̀dù bá tọ̀nà tí kò sì wọlé, ẹ wo àdéhùn ààbò. WPA2 ti wà láti ọdún 2004. Ọdún 2018 ni WPA3 jáde. Bí ráútà tuntun bá gba WPA3 nìkan, káàdì àtijọ́ lè máà mọ̀ ọ́n. Nínú ètò ráútà, ẹ yan èyí tí ó gba WPA2 àti WPA3 papọ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé MiFi ní iye ẹ̀rọ tí ó lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ilé bá ti kún, ẹni tí ó dé kẹ́yìn yóò dúró síta. Kí ẹnì kan kọ́kọ́ jáde ná.

7. Nígbà Tí Ó Wọlé Tí Kò Jáde

Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ ipconfig. Ẹ wo nọ́ńbà tí ó wà níwájú IPv4 Address, lábẹ́ Wi-Fi. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kọ̀ǹpútà ni ó fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà náà nítorí pé ráútà kò fún un ní ọ̀kan. Ẹ pa ráútà, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ sì tún wọlé.

Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀ sí èyí, ẹ kọ nọ́ńbà tí ó wà níwájú Default Gateway sí ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì ojú-ewé sí. Bí ojú-ewé ráútà bá ṣí, kọ̀ǹpútà àti ráútà ń bára wọn sọ̀rọ̀, kò sí ìjà láàárín wọn. Ohun tí ó kù ni kí a yẹ dátà wò, tàbí kí a dúró de ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta á.

Bí fóònù bá ń lo Wi-Fi kan náà láìsí ìṣòro, ẹ wo ọjọ́ àti aago orí kọ̀ǹpútà. Bátìrì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí ó ń tọ́jú aago. Bí ó bá kú, ọjọ́ lè padà sí ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ìwé-ẹ̀rí tí àwọn ojú-ewé fi ń fi ara wọn hàn ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Kọ̀ǹpútà tí ó bá gbà pé ọdún 2015 ni a wà yóò kọ ìwé-ẹ̀rí tòní. Bí a bá tún ọjọ́ ṣe, ọ̀nà yóò là.

8. Kí A Tó Gbà Kí Wọ́n Fọ́máàtì

Bí a bá ti ṣe gbogbo èyí tí àìsàn kìíní kò sì lọ, ìdánwò kan ṣì kù tí kì í pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ wá ẹni tí ó ní Ubuntu lórí fíláàṣì, kí ẹ gbé kọ̀ǹpútà dìde láti orí fíláàṣì náà, kí ẹ sì yan èyí tí ó ní kí a kàn dán an wò, kì í ṣe èyí tí ó ní kí a fi sórí kọ̀ǹpútà. Káàdì kan náà ni, ètò mìíràn ni. Bí Wi-Fi bá hàn níbẹ̀, káàdì yè, Windows ni kí a tún ṣe. Bí kò bá hàn, ó ṣeé ṣe kí káàdì ti kú, ṣùgbọ́n kí a má tètè dájọ́, nítorí pé àwọn káàdì kan wà tí Ubuntu kò ní driver wọn lọ́wọ́.

Fífọ́máàtì kò lè jí káàdì tí ó ti kú. Káàdì mìíràn ni ó ń fẹ́, tàbí ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré tí a ń kì bọ ojú USB. Bí ó bá sì di dandan pé kí wọ́n fọ́máàtì, kí a kọ́kọ́ da gbogbo iṣẹ́ wa kọ sí ibòmíràn, kí a sì ṣí i wò lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn kí ó dá wa lójú pé ó pé. Ohùn àwọn àgbà ni kí ó ṣáájú.

Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé “kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì” jẹ́ gbólóhùn pọ́nna, pé ìtumọ̀ mẹ́rin ni ó ní, àti pé ibi tí àìsàn wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. A tún fi hàn pé ọgbọ́n tí a fi ń dá fóníìmù mọ̀ náà ni a lè fi dá àìsàn kọ̀ǹpútà mọ̀. Oníṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá wa. Iṣẹ́ wà tí ó kọjá agbára wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè sọ fún oníṣẹ́ pé, “Kọ̀ǹpútà mi rí hotspot fóònù, kò rí Wi-Fi ilé, ọ̀wọ́ 2.4 GHz nìkan ni káàdì rẹ̀ sì mọ̀,” kò ní í gbọ́ pé kí ó fi iṣẹ́ ọdún kan tọrẹ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìdánrawò

1. Fóònù rí Wi-Fi ilé, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kò rí i, ṣùgbọ́n ó rí ti aládùúgbò méjì. Sọ ohun méjì tí ó lè fà á, àti bí o ṣe máa mọ èyí tí ó jẹ́.

2. Ìgbà wo ni Restart sàn ju Shut down lọ? Sọ ìdí rẹ̀.

3. Ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí a yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà nígbà ìwádìí. Fi àpẹẹrẹ kan láti inú fonọ́lọ́jì Yorùbá gbe àlàyé rẹ lẹ́sẹ̀.